Ẹ̀dà àti Ẹ̀yà

Nígbà tí Kòrónà gbòde, ọ̀rọ̀ méjì wà tí àwa tí a ń gbọ́ ìròyìn ní Yorùbá kò mọ èyí tí a ó mú. Rédíò kan á ní ẹ̀yà tuntun ti yọjú; kí ẹ tó yí i sí ìkànnì kejì, ìyẹn á ní ẹ̀dà tuntun ni. Kò sẹ́ni tó bá wọn jà. Ẹni tí ikọ́ ń fìyà jẹ kò ráyè àríyànjiyàn lórí èdè. Ṣùgbọ́n Kòrónà ti rọlẹ̀ báyìí, ọ̀fìnkìn tí a ti ń bá yí tipẹ́tipẹ́, èyí tí òyìnbó ń pè ní flu, ṣì wà níbi tó wà, mo sì rò pé ó tó àsìkò láti ya àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ̀dà kì í ṣe ẹ̀yà. Nínú imú ẹnì kan ṣoṣo tí flu mú, ẹ̀dà fáírọ́ọ̀sì á ti di àìmọye mílíọ̀nù kí ọjọ́ kẹta tó pé. Ẹ̀yà tuntun lè máà sí níbẹ̀ rárá.

Ọ̀fìnkìn tí mo ń wí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fọn dànù tí á sì gba ọjà lọ. Èyí tó ń dá alágbára dùbúlẹ̀ ni, tí egungun á máa ro ni, tí ojú á pọ́n, tí ibà kò ní fẹ́ lọ títí ọjọ́ kẹta. Ní Lọ́kọ́jà, níbi tí ooru oṣù kẹta kì í jẹ́ kí ọmọ ènìyàn rójú sùn nínú yàrá, wọn á tún máa sọ pé òtútù ló mú àwọn. Òtútù kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì kan ló wọ imú, tó ń da ara rẹ̀ kọ.

Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, níbi dà kọ. Bí ẹ bá lọ sí ẹnu ọ̀nà kóòtù, níbi tí àwọn ọmọge ti gbé ẹ̀rọ fótókọ́pì àti jẹnẹrétọ̀ kékeré sábẹ́ agboòrùn, ẹ kò ní gbọ́ ẹ̀dà lẹ́nu wọn. "Kọ́pì mélòó, sà? Ṣé ojú kan ni àbí ẹ̀yìn-síwájú?" Kọ́pì ni ọ̀rọ̀ ìgboro. Ẹ̀dà ń gbé inú ilé lọ́hùn-ún, lọ́dọ̀ akọ̀wé kóòtù tó ń lu òǹtẹ̀ "Certified True Copy" mọ́ ìwé ìdájọ́, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní síì-tíì-síì. Ohun tí òǹtẹ̀ yẹn ń sọ ni pé ìwé kò lè fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé òótọ́ ni òun. Ẹnì kan ní láti gbé ojúlówó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó kà á ní ìlà sí ìlà, kó tó fọwọ́ sí i. Àwọn tó ṣe òfin náà mọ ọwọ́ ọmọ aráyé: ẹni tó ń da ìwé kọ lè ṣì í kọ.

Dà yìí ní iṣẹ́ púpọ̀ lẹ́nu wa. A ń da omi láti inú ìkòkò sínú igbá, darandaran ń da màlúù kọjá lẹ́yìn Felele ní Lọ́kọ́jà, oúnjẹ ń dà nínú ikùn, ọ̀rẹ́ ń dalẹ̀ ọ̀rẹ́. Àwọn onímọ̀ èdè lè jà títí lórí bóyá ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn. Èyí tó wà nínú dà kọ, lójú tèmi, ni ti omi: ohun tó wà nínú èyí àkọ́kọ́ ni a dà sínú ìkejì. Ara rẹ̀ la ti rí ẹ̀dà àti àdàkọ. Àwọn tó dá gbólóhùn náà sílẹ̀ kò mọ fótókọ́pì. Ọwọ́ ni wọ́n mọ̀. Samuel Ajayi Crowther wà nínú ọkọ̀ tó gòkè dé ibi tí odò méjì ti pàdé níwájú Lọ́kọ́jà ní 1841, ó sì tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Ọwọ́ ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń da gbogbo nǹkan kọ. Ẹni tó bá sì ti fi ọwọ́ da ìwé Yorùbá kọ rí mọ̀ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀: ojú á fo ìlà kan, ọ̀rọ̀ kan á wá lẹ́ẹ̀mejì, àmì ohùn á bọ́ lórí lẹ́tà.

Àmì ohùn yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹ wo ẹ̀dà, kí ẹ sì wo ẹ̀dá. Àwọn oníwàásù kan fẹ́ràn láti so wọ́n pọ̀ bíi pé ìyá kan ló bí wọn. Irọ́ ni, ọ̀kan wá láti ara dà, èkejì láti ara dá. Ṣùgbọ́n akọ̀wé tó bá fi ọwọ́ gbé àmì kan ṣoṣo lọ sí òkè dípò ìsàlẹ̀ ti fi ohun abẹ̀mí rọ́pò ìwé láìmọ̀. Àwọn àṣìkọ mìíràn sì wà tí kò ní yí ohunkóhun padà: ẹni tó kọ "aiye" dípò "ayé" kò pa ẹnikẹ́ni lára. Irú àṣìkọ méjèèjì ni flu ń ṣe.

Ìwé tí flu ń dà kọ kò gùn. Lẹ́tà bíi 13,500 ni gbogbo rẹ̀, lórí RNA, wọn kò sì so ó pọ̀ sójú kan: abala mẹ́jọ ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró. Ẹ fi abala mẹ́jọ yìí sọ́kàn, a máa padà nílò wọn. Fáírọ́ọ̀sì náà á fi èèkàn kan tó yọ lára rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní hemagglutinin, rọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì imú tàbí ti ọ̀nà ọ̀fun. Sẹ́ẹ̀lì á gbé e mì. Abala mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ á wọ yàrá inú lọ́hùn-ún níbi tí sẹ́ẹ̀lì ń tọ́jú ìwé tirẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni àdàkọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Láàárín bíi wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, àwọn ọmọ tuntun ti ń yọ lára sẹ́ẹ̀lì náà, tí èèkàn kejì, neuraminidase, sì ń gé wọn kúrò lára rẹ̀ kí wọ́n lè ráyè lọ. H àti N tí ẹ ń rí nínú H1N1 tàbí H3N2, orúkọ èèkàn méjèèjì yìí ni.

Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì wa bá ń da ìwé tirẹ̀ kọ, ó ní irinṣẹ́ kan tó ń padà sẹ́yìn láti wo ohun tó kọ. Bí lẹ́tà kan kò bá bá ojúlówó mu, á yọ ọ́, á tún un kọ. Akọ̀wé kóòtù inú ara wa nìyẹn. Irinṣẹ́ tí flu gbé wá kò ní irú rẹ̀. Bó bá ti kọ ọ́, ó ti kọ ọ́ nìyẹn. Ìdíwọ̀n àwọn onímọ̀ ni pé, nínú lẹ́tà 10,000 sí 100,000 tó bá dà kọ, á ṣi ọ̀kan kọ. Ẹ máà rò pé ìyẹn kéré. Ẹ gbé e sórí ìwé onílẹ́tà 13,500, ẹ ó rí i pé kò ní ju ẹ̀dà díẹ̀ lọ kí ẹ tó bá ọ̀kan tí kò dọ́gba pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Kòrónà, tí ìwé rẹ̀ gùn tó ìlọ́po méjì ti flu, ní irinṣẹ́ àyẹ̀wò tirẹ̀. Flu kò ní.

Púpọ̀ nínú àwọn àṣìkọ náà ń ba ẹ̀dà jẹ́ ni. Èèkàn á wọ́, kò ní lè rọ̀ mọ́ nǹkan kan mọ́, ẹ̀dà náà á sì kú láìbímọ. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ pé: wọ́n á jáde tán, abala kan á ti sọnù, bí wọ́n bá wọ sẹ́ẹ̀lì, wọn kò ní lè dá iṣẹ́ náà ṣe àyàfi bí òmíràn tó ní abala yẹn bá bá wọn níbẹ̀. Àwọn kan ní àṣìkọ tí kò pa wọ́n, tí kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Díẹ̀ tó ṣẹ́kù, tí ó ṣọ̀wọ́n gan-an, ni àṣìkọ náà ń ṣe lóore. Ní àwọn ọdún 1970, Manfred Eigen, onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ Jámánì, ṣàlàyé pé irú nǹkan báyìí kò ṣeé sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ bí ẹyọ kan: agbo ni, agbo ẹ̀dà tó fara jọra tí kò sì dọ́gba.

Níbo wá ni ojúlówó wà? Ní kóòtù, ojúlówó wà nínú fáìlì. Ẹ lè ní kí wọ́n gbé e jáde. Nínú imú, kò sí fáìlì. Ẹ̀dà ló wọlé, ẹ̀dà ló bí ẹ̀dà, èyí tó wọlé gan-an sì ti fọ́nká sínú sẹ́ẹ̀lì kó tó bí ọmọ. Ibí yìí ni mo ti ń rí i pé ọ̀rọ̀ wa kò tó. Nígbà tí a bá sọ pé "ẹ̀dà", ọkàn ẹni tó gbọ́ á ti lọ wá ojúlówó. Flu kò ní i láti fi hàn yín, kò sì ní i rí.

Ọ̀rọ̀ kejì ńkọ́? Ẹ̀yà wá láti ara yà, yà tí a fi ń sọ fún awakọ̀ pé "yà sọ́tùn-ún ní Ganaja Junction", tó wà nínú ìyàtọ̀, tó wà nínú ìyapa. Ohun tó yà kúrò lára èkejì ni ẹ̀yà, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fi jẹ́ ẹ̀yà ara. Lọ́kọ́jà kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ẹ̀yà fún un. Ọ̀wọ́rọ̀ wà níbẹ̀, tí wọ́n ń sọ Yorùbá tiwọn lẹ́sẹ̀ òkè; Tápà wà níbẹ̀, Igálà, Ebira, Bàsà, Kakanda, Haúsá, àti àwa Ọ̀kun tí iṣẹ́ ìjọba kó wá. Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, ẹ lè gbọ́ èdè mẹ́rin kí ẹ tó ra ẹja tán. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé irú ìlú yìí mọ̀ pé ènìyàn kan kì í dá jẹ́ ẹ̀yà. Ẹ lè jẹ́ alárà ọ̀tọ̀ láàárín ẹbí yín, kí ẹ máa sọ̀rọ̀ lódìkejì, kí ẹ máa jẹ ohun tí wọn kì í jẹ. Bí ẹ kò bá ní ọmọ tó tẹ̀lé yín, tí ọmọ náà kò sì bímọ, a ó sin yín pẹ̀lú ìyàtọ̀ yín ni. Kí nǹkan tó di ẹ̀yà, ó ní láti rí ọ̀nà tí yóò yà gbà, kó sì pẹ́ lójú ọ̀nà náà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti flu. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà tó ti dààmú ayé bẹ̀rẹ̀ bí àṣìkọ nínú ara kan. Àmọ́ àwọn àṣìkọ tó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọn kò dé ibì kankan, wọn kò lóǹkà. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni ìdí tí ìpín wọn fi rí báyìí, nígbà tó jẹ́ pé àdàkọ tó yára tó bẹ́ẹ̀ ì bá ti máa bí ẹ̀yà tuntun fún wa lójoojúmọ́.

Ìdí kan ni àkókò. Ẹni tí flu mú á ti máa tú fáírọ́ọ̀sì jáde láti bí ọjọ́ kan ṣáájú kí ara rẹ̀ tó gbóná, títí di bí ọjọ́ karùn-ún tàbí ìkeje lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ ni agbo náà máa ń pọ̀ jù. Àwọn tó lè ṣa ẹ̀dà burúkú kúrò lára rere, tí wọn á sì fi ìyà jẹ èyí tí wọ́n bá dá mọ̀, ni àwọn ṣọ́jà ara tí ara ń ṣe ní pàtó fún fáírọ́ọ̀sì tó wọlé. Àwọn wọ̀nyẹn sì ń gba bí ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó pọ̀ tó. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀dà pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, kò sí ẹni tó ń ṣà. Nígbà tí aṣàyàn bá fi máa dé, ọjà ti tú. Ẹ̀dà kan tí èèkàn rẹ̀ yí padà, tí ṣọ́jà kò ní lè dá mọ̀, kò rí àǹfààní kankan jẹ lára èyí láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí pé ẹni tí ì bá mú àwọn yòókù kò tíì dé.

Ìdí kejì, tí èmi kà sí pàtàkì jù, ni ẹnu ibodè. Ẹ fojú inú wo bọ́ọ̀sì onípò méjìdínlógún tó gbéra ní Abúja tó ń lọ sí Ìbàdàn. Lọ́kọ́jà ni wọn á gbà. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é, ojú ọ̀nà Àríwá àti Gúúsù ló pàdé níbẹ̀. Ọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ ní Koton-Karfe. Fèrèsé wà ní títì nítorí ẹ̀rọ amúlétutù. Ọ̀kẹ́ àìmọye ẹ̀dà ló wà nínú imú àti ọ̀fun rẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú àṣìkọ tirẹ̀. Èwo nínú wọn ló máa dé imú obìnrin tó jókòó tì í, tí á sì rọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì, tí á bímọ? Ní 2018, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Michigan tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ìdílé tí flu ti ran ara wọn nínú ilé. Ìdáhùn wọn ni pé ẹ̀dà kan ni, tàbí méjì. Agbo náà dúró sẹ́nu ibodè, ẹyọ kan ló kọjá.

Ìwádìí kan láti Hong Kong ní 2016 ti kọ́kọ́ sọ pé ọgọ́ọ̀rọ̀ọ̀rún ló ń kọjá pa pọ̀. Àwọn ẹlòmíràn tún dátà náà yẹ̀ wò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2019 pé ọ̀nà tí wọ́n gbà to dátà ló da ọ̀rọ̀ ẹnì kan pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn, ló jẹ́ kó dà bíi pé àwọn aláìsàn ní ẹ̀dà kan náà. Ìwádìí tó ń wá àṣìkọ, òun náà ní àṣìkọ nínú.

Èyí tó kọjá kì í sì í ṣe èyí tó dára jù. Ó kàn jẹ́ èyí tó bọ́ sínú ìtọ́ tó fò lọ síbi tó yẹ ni. Àwọn onímọ̀ ń fi ìṣirò sọ ọ́; ìyá mi á ní orí ló mú un kọjá. Ohun tó tẹ̀lé e ni pé àṣìkọ rere lè kú sínú imú ẹni tó bí i, kí àṣìkọ lásán sì di baba ńlá gbogbo fáírọ́ọ̀sì tó wà nínú imú obìnrin yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ kí àṣìkọ rere kan kọjá ibodè mẹ́wàá tẹ̀ léra, ẹ ní láti ní ibodè púpọ̀, kí ẹ sì máa gbìyànjú láìsinmi. Flu ní i. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí ènìyàn bílíọ̀nù kan ni flu ń mú lọ́dọọdún, tó sì ń pa láàárín 290,000 sí 650,000. Láàárín bílíọ̀nù kan, ohun tó ṣọ̀wọ́n kì í ṣọ̀wọ́n mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń jókòó lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù kejì àti oṣù kẹsàn-án, láti pinnu ohun tí wọ́n máa fi sínú abẹ́rẹ́ àjẹsára. Abẹ́rẹ́ náà kò sí lára èyí tí ìjọba wa ń fún àwọn ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má bi mí ní ìdí.

Ibì kan wà, ṣá o, tí ẹ̀dà ti ń rí àkókò tó pọ̀. Ẹni tí agbára ṣọ́jà ara rẹ̀ ti dínkù, yálà HIV tí kò lo oògùn sí ló fà á tàbí oògùn jẹjẹrẹ, lè gbé flu kan pẹ́. Katherine Xue, Jesse Bloom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Seattle tẹ ìtàn irú aláìsàn mẹ́rin bẹ́ẹ̀ jáde ní 2017. H3N2 wà lára wọn ju oṣù méjì lọ. Nínú àwọn mẹ́rin yìí, tí kò sí ẹni tó kó o ran ẹnì kejì, àṣìkọ kan náà ń yọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì ń borí. Èyí tó yani lẹ́nu ni pé àwọn kan lára àṣìkọ wọ̀nyẹn náà ni flu gbogbo ayé padà gbé wọ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ara kan ti ṣe ohun tí ayé máa ṣe, kí ayé tó ṣe é.

Inú ara kan náà sì lè pín sí ọ̀nà méjì. Ẹranko kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní ferret, tó ń mú flu bíi ti ènìyàn. Láti 1933 tí wọ́n ti fi í rí fáírọ́ọ̀sì flu ènìyàn fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń lò ó. Wọ́n ti rí i lára rẹ̀ pé agbo tó wà ní imú àti agbo tó wà ní ẹ̀dọ̀fóró lè máa gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú àṣìkọ tó yàtọ̀ síra. Ẹ̀yà ara ń gbìyànjú láti bí ẹ̀yà fáírọ́ọ̀sì.

Nígbà mìíràn, lẹ́tà kan péré ti tó. Oògùn oseltamivir ń di neuraminidase lọ́wọ́, kí àwọn ọmọ tuntun má lè já kúrò lára sẹ́ẹ̀lì. Lẹ́tà kan tó yí padà ní abala yẹn ń sọ oògùn náà di asán fún H1N1. Ó máa ń yọ lára aláìsàn tó ń lo oògùn náà, ó sì sábà máa ń kú síbẹ̀. Ní ìgbà òtútù 2007 sí 2008, Norway ké sí ayé pé ó ti gbalẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, bẹ́ẹ̀ wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ lo oògùn náà. Irú ẹ̀dà tí oògùn máa ń bí ti kọ́ bó ṣe ń rìn láìsí oògùn. Ìyẹn ti di ẹ̀yà.

Dà ṣì kù. Ó ní ọmọ kan tí gbogbo ilé ń jẹ: àdàlù, ẹ̀wà àti àgbàdo. Mo sọ pé ìwé flu jẹ́ abala mẹ́jọ. Bí flu méjì tí kì í ṣe ọ̀kan náà bá wọ sẹ́ẹ̀lì kan lẹ́ẹ̀kan náà, abala mẹ́rìndínlógún ló wà nínú yàrá yẹn, àwọn ọmọ tó ń jáde á sì kó mẹ́jọ láti inú wọn bó bá ṣe rí. Irú ọmọ tó lè jáde tó 256. Ẹni tó bá gun Òkè Patti ní Lọ́kọ́jà á fẹ́ nàka sí odò nísàlẹ̀ kó sọ pé bí Ọya àti Bẹ́núé ṣe dà pọ̀ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi méjì tó dà pọ̀, nígbà tó bá fi máa dé Ìdàh, ẹ kò lè yọ Ọya kúrò lára Bẹ́núé mọ́. Nínú àdàlù, ẹ̀wà ṣì jẹ́ ẹ̀wà; ẹ lè fi ìka ṣa àgbàdo kúrò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Abala flu kan kì í yọ́ mọ́ èkejì. Ó ń wọ inú ọmọ tuntun lódindi, pẹ̀lú ìtàn ìran tirẹ̀ lára.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè ka ìtàn àwọn àjàkálẹ̀ ńlá bí ẹni ń ka orúkọ ìdílé. Flu 1957 gba abala mẹ́ta láti ọ̀dọ̀ ẹyẹ, ó mú márùn-ún lára ti ènìyàn tó wà nílẹ̀. Ti 1968 gba méjì láti ọ̀dọ̀ ẹyẹ. Ti 2009 ti ọ̀dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ wá, pẹ̀lú abala ẹyẹ, ti ènìyàn àti ti ẹlẹ́dẹ̀ lára rẹ̀. Bí ẹ bá sì tẹ̀lé abala ti ènìyàn márùn-ún inú ti 1957 yẹn sẹ́yìn, ẹ ó dé 1918.

1918 kì í ṣe ìtàn òkèèrè fún wa. Ọkọ̀ òkun gbé e wọ Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Ojú irin àti ọkọ̀ ojú omi gbé e wọ inú ilẹ̀. Lọ́kọ́jà ìgbà náà jẹ́ èbúté pàtàkì lórí Ọya. Ìdíwọ̀n òpìtàn D. C. Ohadike ni pé bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ló kú ní Nàìjíríà láàárín oṣù díẹ̀, nínú bíi mílíọ̀nù méjìdínlógún. Lùkúlùkú ni àwọn ará Ìjẹ̀bú pè é. Lùkúlùkú kan náà ni orúkọ àrùn tó ń pa adìyẹ run lágbàlá. Àrùn adìyẹ tí à ń pè bẹ́ẹ̀, tí òyìnbó ń pè ní Newcastle, kì í ṣe flu o; fáírọ́ọ̀sì mìíràn ni. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ ti rí ènìyàn tó ń ṣubú bí adìyẹ, kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ adìyẹ pè é, láìmọ̀ pé ẹyẹ ni ìdílé flu ti ṣẹ̀ ní tòótọ́. Ní oṣù kejì 2006, H5N1, flu ẹyẹ gidi, yọ ní oko adìyẹ kan ní Jàájì ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná, ìgbà àkọ́kọ́ ní gbogbo Áfíríkà. Ní oṣù kìíní 2007, ó pa obìnrin kan ní Èkó. Kò di àjàkálẹ̀ láàárín ènìyàn. Ohun tó ń ba àwọn onímọ̀ lẹ́rù ni àdàlù: kí irú fáírọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ bá flu ènìyàn pàdé nínú ara kan.

Bí wọ́n bá fẹ́ mọ flu tó wà nílùú lónìí, nọ́ọ̀sì ló máa kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. "Ẹ gbójú sókè, Bàbá. Ẹ pẹ̀lẹ́, ó máa ro yín díẹ̀." Igi tín-ín-rín tó ní òwú lórí á wọ imú lọ jìnnà ju ibi tí bàbá rò lọ, á yí i, omijé á bọ́. Á ki igi náà bọ ìgò kékeré tí omi inú rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, á ṣẹ́ ìrù rẹ̀, á dé e, á kó o sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, ó di ilé àyẹ̀wò NCDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, ní Gaduwa, Abúja. Níbẹ̀, ohun tó wà lórí òwú yẹn kéré jù láti kà. Ẹ̀rọ ní láti kọ́kọ́ dà á kọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kó tó pọ̀ tó. Ẹ̀rọ náà ń ṣì í kọ nígbà mìíràn.

Nígbà tí wọ́n bá wá ka lẹ́tà náà tán, wọn kì í kọ gbogbo agbo sílẹ̀. Ìlà kan ni wọ́n ń kọ. Ní ipò kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà tí ẹ̀dà tó pọ̀ jù gbé ni wọ́n á mú, wọn á sì to gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ìwé kan. A kò tíì ní orúkọ fún un ní Yorùbá. Èmi á pè é ní ẹ̀dà àfẹnukò. Ó ṣeé ṣe kó máà sí fáírọ́ọ̀sì kan ṣoṣo nínú imú bàbá náà tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀ láti lẹ́tà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Ẹni tó bá tilẹ̀ fẹ́ wo agbo fúnra rẹ̀ ní ibi tó máa fa ìlà sí: àṣìkọ tí kò tó ìdá méjì tàbí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, wọn á gé e sọnù, torí kò sí bí wọ́n ṣe lè mọ̀ bóyá imú bàbá ló ti wá tàbí ẹ̀rọ ló ṣì í kọ. Bí bàbá bá sì ti wúkọ́ sójú ọmọ-ọmọ rẹ̀ lálẹ́ àná kó tó wá sí ọsibítù, ẹyọ kan tó kọjá sínú imú ọmọ náà lè wà lára àwọn tí wọ́n gé sọnù.